Táyà Tó Ṣáájú Olúwa Rẹ̀ Dé

Táyà ló kọ́kọ́ dé.

Ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, òun nìkan ṣoṣo, kò gbé ọkọ̀ kankan dání, ó ń yí bírí bírí bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kánjúkánjú. Ó fo gọ́tà. Ó lé ajá kan sọ́tùn-ún, ó lé ìyá àgbà kan sósì, ó gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aránṣọ wọlé láì kan ilẹ̀kùn, ó sì lọ nà gbalaja sórí aṣọ ìgbéyàwó funfun kan tó yẹ kí ìyàwó wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Aránṣọ la ẹnu láti ké. Kó tó ké, ẹni tó ni táyà dé.

Ká sòótọ́, ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ló dé.

Baba Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé aago ló ń tún ṣe. Ẹsẹ̀ kan péré ló ní. Ìdí nìyẹn tó fi gbé alùpùpù rẹ̀ fún wẹ́dà ajórinmọ́rin lọ́dún tó kọjá pé kó yọ táyà ẹ̀yìn kúrò, kó fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì rọ́pò rẹ̀, kí ẹ̀rọ náà lè dá dúró láìjẹ́ pé ẹni tó gùn ún fẹsẹ̀ tilẹ̀. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ kan! Àwọn aláwàdà ní téèyàn bá ro ó pọ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló pé, ewúrẹ́ ni. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yìí, táyà ẹ̀yìn apá òsì yọ ní ìdajì òkè, Baba Aláago fi àyà wọ́ ìdajì tó kù, ẹ̀rín sì dá.

Abẹ́rẹ́ ni orúkọ ìnagijẹ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá. Obìnrin ni, ó ga, ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú débi pé àwọn ọ̀daràn kan máa ń jẹ́wọ́ kó ṣáà lè dákẹ́. Sájẹ́ńtì tó ń tẹ̀ lé e sanra tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tó bá wọ yàrá kan, àwọn ará ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

"Màmá Aránṣọ, ẹ kú ìdààmú o."

"Ìdààmú dà? Ẹ wá sọ fún ìyàwó ọ̀la pé táyà ló kọ́kọ́ wọ aṣọ rẹ̀!"

"Màá sọ fún un. Ǹjẹ́ ó sọ̀rọ̀ kó tó kú?"

"Táyà?"

"Baba Aláago, màmá."

Aránṣọ nu ojú. "Ibí yìí lorí rẹ̀ wà, ní ẹnu ọ̀nà mi. Ó gbé ojú sókè, ó rí táyà lórí aṣọ funfun. Ó tẹjú mọ́ ọn títí. Ó wá ní, 'Ta ló gbé e sábẹ́ èmi?'"

"Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn?"

"Ṣé èmi ni n ó máa fi òkú ṣe eré ni? 'Ta ló gbé e sábẹ́ èmi?' Ó wá kú. Orí kápẹ́ẹ̀tì mi ló kú sí, kápẹ́ẹ̀tì tí mi ò tíì lò fún oṣù kan."

Sájẹ́ńtì pàtẹ́wọ́. "Ó ti yé mi, Màdáámù. Apani ló ń bèèrè. Wẹ́dà sì ni. Wẹ́dà ò fún nọ́ọ̀tì le. Wọ́n ti mú un, wọ́n ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Ọ̀gá àgọ́ wa sì ní kó fọwọ́ sí ìwé ìjẹ́wọ́ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Tó bá ti fọwọ́ sí i, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá."

"Ta ló sọ pé kò fún un le?"

"Gbogbo èèyàn ni."

"Gbogbo èèyàn wà níbẹ̀ nígbà tó ń fún un?"

Sájẹ́ńtì ronú sí i. Ìrònú máa ń dà á láàmú bí àtẹ̀gùn ṣe máa ń dà á láàmú. "Rárá."

"Ó dáa. Sún sẹ́yìn, o dí mi nímọ́lẹ̀."

Ó lóṣòó ti táyà náà. Tuntun ni. Ríìmù rẹ̀, irin àárín tí rọ́bà yí ká, ń dán débi pé Abẹ́rẹ́ rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ohun tó rí ò sì dùn mọ́ ọn. Ihò mẹ́rin ló wà láàárín, ibi tí bóòtù, irin tí nọ́ọ̀tì ń dè, máa ń gbà kọjá. Ó fi ìka yí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan po. Ẹ̀gbẹ́ kan ń dán yọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì, èyí tó kọjú síta, ti fá, ó ti họ, bí ẹni pé eku ló jẹ ẹ́. Ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló họ níta. Kò sí ọ̀kan tó họ nínú.

"Sájẹ́ńtì, tí bàtà rẹ bá fẹ̀ jù, ibo ló máa ń họ ẹ́?"

"Gbogbo ibi, Màdáámù. Ó máa ń yọ̀ kiri ni."

"Tó bá kéré jù ńkọ́?"

"Ibi tó ti há nìkan."

"Hẹ̀n-ẹn," ni Abẹ́rẹ́ wí, ó sì dìde.

*

Wẹ́dà wà ní àtìmọ́lé, ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orí itan bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn. Ìka mẹ́ta ti wú nínú ọwọ́ náà, wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn ọlọ́pàá tó bi í léèrè ọ̀rọ̀ láàárọ̀ ti bi í dáadáa.

"Ta ló ṣe èyí?" ni Abẹ́rẹ́ bèèrè.

"Wọ́n ní ilẹ̀kùn ni."

"Ilẹ̀kùn náà ní ipò nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá?"

"Ó ní okùn ipò méjì lápá, Màdáámù."

Sájẹ́ńtì wú ikọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé.

"Èwo nínú iṣẹ́ yìí ni tìẹ?" ni Abẹ́rẹ́ tún bèèrè.

"Èmi ni mo sọ alùpùpù yẹn di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Èmi ni mo wá táyà ẹ̀yìn fún un. Ríìmù dúdú, àlòkù, tó ní ìdérí lójú. Mo fún nọ́ọ̀tì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mo sì tún wọn fún lóṣù tó kọjá."

"Èyí tó yọ ń dán bíi dígí."

"Ń dán? Èmi?" Wẹ́dà wo ṣòkòtò ara rẹ̀ tó ti jóná ní ibi mọ́kànlá. "Màdáámù, ẹ wò mí dáadáa. Ṣé ẹ rí nǹkan kan lára mi tó ń dán?"

"Ṣàlàyé táyà fún mi. Báwo lèèyàn ṣe ń yan èyí tó bá irú ẹ̀rọ yìí mu?"

Ìrora kúrò lójú ọkùnrin náà. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni; ẹ bi í ní iṣẹ́ rẹ̀, á gbàgbé ìka. "Táyà dà bíi bàtà, Màdáámù. Pé ó wọ ẹsẹ̀ kọ́ ni pé ó bá ẹsẹ̀ mu. Ẹ ó kọ́kọ́ ka bóòtù tó wà lára họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tí táyà ń jókòó lé. Mẹ́rin ni tiwa. Ẹ ó wọ̀n láti bóòtù kan dé èyí tó kọjú sí i: ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Ẹ ó wo ihò àárín, kó gba họ́ọ̀bù sínú. Ẹ ó wò ó kó má fara nu irin ìdí alùpùpù, kí òsì àti ọ̀tún sì dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí."

"Tí wíwọ̀n yẹn ò bá pé ọgọ́rùn-ún ńkọ́?"

"Èyí tó kéré gan-an ò léwu, nítorí kò ní wọlé rárá. Èyí tó kù díẹ̀ ni ìkà. Ríìmù kan wà tó jẹ́ méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá fipá tì í, á wọlé. Nọ́ọ̀tì á le lọ́wọ́ yín, ẹ ó rò pé ó ti jókòó. Irọ́ ni! Kò jókòó, ó lóṣòó ni. Bóòtù á máa jẹ ẹ̀gbẹ́ ihò níta, nọ́ọ̀tì á máa tú díẹ̀díẹ̀, tó bá wá pàdé òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ó dìgbóṣe."

"Ta ló mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

"Èmi. Ẹni tó ń ta ríìmù. Àti ẹnikẹ́ni tó bá ní irin ìwọ̀n tó péye."

"Ó ti jẹ́wọ́!" Sájẹ́ńtì fò sókè, ilẹ̀ sì mì. "Màdáámù, ó ní òun mọ̀ ọ́n!"

Láti ẹnu fèrèsé, ohùn Ọ̀gá dún wọlé, ẹni tó ti ń yọ́ gbọ́ wọn. "Ẹ kọ ìyẹn náà kún un."

Ojú wẹ́dà rọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé òun ti fẹnu ara òun so okùn mọ́ ọrùn.

"Wẹ́dà," Abẹ́rẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀, "irú ẹ̀rọ yìí mélòó lo ṣe?"

"Méjì. Ti Baba Aláago àti ti àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, tó fi ń kó àkàbà. Ìbejì ni ẹ̀rọ méjèèjì. Họ́ọ̀bù kan náà, táyà kan náà."

*

Wọ́n ti wọ́ òkú alùpùpù náà sí ẹ̀yìn àgọ́ ọlọ́pàá. Táyà apá ọ̀tún ṣì wà lára rẹ̀, ó dagun bí eyín àgbàlagbà. Ìdérí àtijọ́ ló bò ó lójú, dúdú, ó ti bó; ti apá òsì ti já dànù lórí òkè. Ẹni tó bá wò ó á búra pé táyà àtijọ́ ni.

Abẹ́rẹ́ fi ọ̀bẹ tu ìdérí náà. Ríìmù tó ń dán kọ mọ̀nà lábẹ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Sájẹ́ńtì wí. "Táyà tuntun tó wọ aṣọ àlòkù."

"Ó sì ní ẹni tó wọ̀ ọ́ fún un." Wáyà bàbà ni wọ́n fi so ìdérí náà, nítorí kò bá ríìmù tuntun mu. Wọ́n lọ́ wáyà náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀ kó má baà gún ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. "Wẹ́dà kì í tẹ orí wáyà. Wẹ́dà á fi iná jó o. Ta ló máa ń bẹ̀rù kí wáyà gún èèyàn?"

"Oníná mànàmáná," ni Sájẹ́ńtì wí, ẹnu sì ya òun fúnra rẹ̀ pé òun gbà á.

*

Ẹ-Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pe àbúrò náà. Lọ́dún méje sẹ́yìn, òun ló wa alùpùpù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó ń ṣàwàdà, ó bojú wẹ̀yìn kó lè rí i bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì forí sọ lọ́rì kan tó dúró jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n pàdánù ẹsẹ̀. Àbúrò pàdánù oorun. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wí fún gbogbo ayé pé ẹ pẹ̀lẹ́: fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, fún ewúrẹ́, fún òpó iná tó bá forí gbá. Òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń wá gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gun ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n sì ti dárí jì í. Ojú gbogbo ẹbí ló ti sọ ọ́.

Wọ́n bá a nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń gbọn omi fún ìyàwó òkú. Obìnrin náà jókòó, ó gbé ọ̀pá tí ọkọ rẹ̀ ń fi sábẹ́ apá rìn lé itan.

"Ẹ ti pa wẹ́dà?" Bó ṣe kí wọn nìyẹn.

"A ò tíì ráyè, ìyàwó," ni Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Ẹ-Pẹ̀lẹ́, na ọwọ́ ẹ." Ó gbé wáyà bàbà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ta ló so èyí?"

Ọkùnrin náà wò ó. "Èmi ni. Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Ta ló de táyà tó ń dán mọ́ alùpùpù ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Èmi náà ni."

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti jáde lápò Sájẹ́ńtì, ṣùgbọ́n ọ̀pá ìyàwó yá jù ú lọ. Ó ba orí Ẹ-Pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ba èjìká lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ ṣìnà, ó ba Sájẹ́ńtì nímú.

"Apànìyàn! O gba ẹsẹ̀ rẹ̀, kò tó ẹ! O padà wá gba ìyókù!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa. Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Ẹ dúró!" Abẹ́rẹ́ gba ọ̀pá. "Ibo lo ti rí táyà náà?"

Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí Ẹ-Pẹ̀lẹ́ létí, kò nù ún. "Ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi."

Sájẹ́ńtì pàápàá gbàgbé imú tó ń dùn ún.

"Tún un sọ."

"Ọjọ́rú ló pè mí. Ó fi ìwé wé méjèèjì. Ó ní, 'Àbúrò mi, òkè yẹn lo máa ń sọ̀ lójoojúmọ́ tìwọ ti àkàbà, táyà rẹ ti gbó. Fi èyí sí i.' Ọdún méje, Màdáámù, kò fún mi ní nǹkan kan rí, omi pàápàá. Mo sunkún. Mo gbé wọn délé, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mò ń wò wọ́n." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò mọ ibi tó máa jókòó sí. "Mo wá rò ó. Ṣé èmi àbúrò ni n ó máa gun ohun tó ń dán, kí ẹ̀gbọ́n mi máa gun àlòkù? Èmi tí mo gba ẹsẹ̀ rẹ̀? Tí mo bá ní kó gbà á padà, kò ní gbà. Nígbà tó wà nílé ìwẹ̀ láàárọ̀, mo de tuntun mọ́ tiẹ̀, mo kó àlòkù rẹ̀ sí tèmi, mo sì fi ìdérí rẹ̀ bò ó lójú. Mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nídìí lójú ọ̀nà, pé ọ̀nà dẹ̀ fún òun lónìí. Tó bá dalẹ́ ni n ó wá sọ fún un."

"Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó le díẹ̀. Mo ti páìpù bọ ìdí sípánà, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé torí ó tuntun ni."

Sájẹ́ńtì mí kanlẹ̀. "Ó tán, Màdáámù. Kò sẹ́ni tó pa ẹnikẹ́ni. Olóògbé ṣèèṣì ra táyà tí kò bá a mu. Àṣìṣe ni."

"Àṣìṣe," ni Abẹ́rẹ́ tún wí, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ ṣe é ní kàyéfì. "Àṣìṣe ta ni? Ti aránṣọ? Ti ìwọ? Aláago ni o! Mìlímítà méjì lójú èmi àti ìwọ ò tó nǹkan. Nínú aago, títì márosẹ̀ ni. Ìyàwó, níbo ni tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ wà?"

Yàrá kékeré ni, lẹ́yìn pálọ̀. Ọgọ́rùn-ún aago ń sọ̀rọ̀ lára ògiri lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò sì ta kora rárá. Lórí tábìlì, gbogbo irinṣẹ́ wà lórí ìlà bí ọmọ iléèwé. Abẹ́rẹ́ ṣí dúróà. Irin ìwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀, èyí tó ní ẹnu bíi ti akàn, àti páálí róbótó méjì. Ihò mẹ́rin ló wà lára páálí kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n gé mọ́nmọ́n. Àkọ́kọ́ ní ọ̀rá ẹ̀rọ lára: wọ́n ti fi lé họ́ọ̀bù rí, wọ́n sì ti kọ ọ́ sí i lẹ́yìn pé, "Ti àbúrò." Abẹ́rẹ́ fi irin wọ̀n ọ́n. Ọgọ́rùn-ún gééré. Ó wọ̀n èkejì. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún gééré. Kò sí ọ̀rá lára ìyẹn. Wọ́n kàn fi bírò pupa fà á nílà méjì nísàlẹ̀ ni.

Ó kó méjèèjì sápò. Nígbà tí Sájẹ́ńtì rí i pé Abẹ́rẹ́ dákẹ́, ẹ̀rù bà á.

*

Ẹni tó ń ta ríìmù wà láàárín òkìtì ọjà rẹ̀, ó ń fi òróró pa ríìmù lára kí ó lè jọ tuntun.

"Mi ò mọ ọkùnrin náà rí," ló wí kí wọ́n tó dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Ọkùnrin wo?" ni Abẹ́rẹ́ bèèrè.

Òróró dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Ẹlẹ́sẹ̀ kan tó gun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, o ò mọ̀ ọ́n rí? Ṣé wọ́n pọ̀ láàárín oníbàárà rẹ ni?"

"Màdáámù, ẹ má jẹ́ n dé ẹ̀wọ̀n, mo láwọn ọmọ..."

"Mélòó?"

"Kò tíì sí, ṣùgbọ́n mo ní in lọ́kàn."

"Sọ̀rọ̀!"

Ó tú pẹrẹpẹ̀rẹ̀. Baba Aláago wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú páálí méjì. Wọ́n gbé ríìmù tó bá a mu fún un. Ó fi páálí olọ́ràá lé e, ihò bá ihò mu rẹ́gí. Ó dá a padà. Ó mú páálí kejì, ó fi ń lé ríìmù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi irin wọ̀n, ó tún un wọ̀n, títí tó fi rí èyí tó fẹ́.

"Mo ní, 'Baba, eléyìí ò bá páálí àkọ́kọ́ yín mu o. Á wọlé, kò ní jókòó. Ó ń pani.' Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀. Ó ní ara ògiri lòun fẹ́ fi kọ́."

"Méjì? Pẹ̀lú rọ́bà lára?"

"Èmi ò bi í. Táyà ni mò ń tà, èmi kì í ṣe pásítọ̀."

Sájẹ́ńtì wo Abẹ́rẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ohun kan yé e láìjẹ́ pé wọ́n ṣàlàyé, kò sì dùn mọ́ ọn. "Ta ló gbé e sábẹ́ èmi," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Hẹ̀n-ẹn. Ẹni tí táyà rẹ̀ yọ á ní, 'Táyà mi ti yọ.' Ẹni tí kò mọ táyà náà rí á ní, 'Kí lèyí?' Òun mọ̀ ọ́n. Ó sì mọ abẹ́ ẹni tó yẹ kó wà." Abẹ́rẹ́ wo aago. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí mẹ́rin lù. "Mú páálí yìí. Mú ọlọ́jà yìí. Sáré lọ bá Ọ̀gá."

"Sáré, Màdáámù?"

"Tàbí kí o yí. Èyí tó bá yá."

Sájẹ́ńtì sáré. Àwọn tó rí i lọ́jọ́ náà ṣì ń sọ ọ́: ó gbé ọlọ́jà ríìmù há abíyá bí ẹni gbé ẹní, ó ń mí bí ẹ̀rọ ìlọta, àwọn ọkọ̀ sì ń yà fún un. Ó já wọ àgọ́ nígbà tí aago mẹ́rin ń lù. Ìwé ìjẹ́wọ́ wà lórí tábìlì, wẹ́dà jókòó níwájú rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ti gbà láti fọwọ́ sí i. Láti aago mẹ́ta ààbọ̀ ló ti ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta tí wọ́n ti lù wú jù. Kò lè di bírò mú. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni bírò ti bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì, ó ń wá a.

Ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ló gbà á là. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù tí kò sí mọ́, pẹ̀lú ọwọ́ tí kò lè gbé iná. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá kàn ní kó fi bírò sílẹ̀ kó tó máa lọ ni.

*

Abẹ́rẹ́ nìkan ló padà sílé Aláago. Ìyàwó wà níbi tó wà. Ẹ-Pẹ̀lẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù tirẹ̀ nínú ọgbà, àkàbà lórí rẹ̀, táyà dúdú àlòkù méjì nídìí rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọ̀nà ni Abẹ́rẹ́ mọ̀ láti fi sọ ọ̀rọ̀ burúkú kó pani lẹ́rìn-ín. Ó wá wọn lẹ́nu, kò rí ọ̀kan. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí: páálí, ríìmù tí ẹ̀gbọ́n dá padà, ìlà pupa méjì.

Ìyàwó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Nígbà náà, ká ní o lo ohun tí wọ́n fún ẹ bí wọ́n ṣe fún ẹ, ọkọ mi ì bá wà láàyè."

Ẹnu Ẹ-Pẹ̀lẹ́ là. Abẹ́rẹ́ rí ọ̀rọ̀ náà tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ọdún méje, ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé e mì.

Ó mú sípánà. Ó fi òkúta gbé ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ sókè, ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ó tú mẹ́rin. Wọ́n tú wẹ́rẹ́, nítorí wọ́n ti jókòó dáadáa. Ó yí táyà kìíní wá síwájú ìyàwó, ó yí èkejì wá.

"Ẹrù ọkọ yín rèé."

Ó nu ọwọ́. Ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ sẹ́nu géètì. Níbẹ̀ ló ti dúró, kò bojú wẹ̀yìn.

"Màdáámù. Ṣé ó wọ̀n ọ́n dáadáa?"

"Dáadáa," ni Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ẹ-Pẹ̀lẹ́ mi orí. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe iṣẹ́ jákujàku."

Ó sì lọ.